Igi Àgbọn Tó Dúró Lójú Ihò Kẹsàn-án

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ Fẹ́sítáàkì, tó jẹ́ pé ẹni tí ọkọ̀ bá já sí Alákijà, inú igbó ló já a sí yẹn, ẹ̀bá pápá gọ́ọ̀fù ni ilé wa wà ní Àmùwò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti dárúkọ gọ́ọ̀fù, àwọn tí ẹ máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n ló ń wá sí yín lọ́kàn, àwọn tó ń wọ ìbọ̀wọ́ sí ọwọ́ kan ṣoṣo. Àwa ò rí tiwa lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yìnkùlé wa ló wà, bí a bá sì ń gúnyán, à ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ilẹ̀ ẹbí wa ni. Àwọn àgbà ilé wa ló yá kílọ́ọ̀bù náà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Kílọ́ọ̀bù aládàáni ni, kì í ṣe ibi tí gbogbo ayé kàn ń wọ̀ bí ọjà. Àwọn dókítà, àwọn lọ́yà àti àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní Àpápá ló máa ń wá síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Pápá méjì ni wọ́n ní. Èyí kékeré ní ihò mẹ́sàn-án, ibẹ̀ ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti máa ń fi ọ̀pá gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri. Èyí ńlá ní ihò méjìdínlógún, òun sì ni ojú àti imú kílọ́ọ̀bù náà, nítorí wọ́n fẹ́ kí ìdíje ńlá tó ń kó àwọn agbágọ́ọ̀fù gbogbo orílẹ̀-èdè jọ wá sí ibẹ̀. Bàbá mi ni fọ́máànù àwọn tó ń tọ́jú pápá méjèèjì.

Nígbà náà, kì í ṣe koríko ló wà láyìíká ihò bíi ti òde òní. Yanrìn ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ti lò nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ rìbìtì, wọ́n á fi irin wíwúwo yí i títí yóò fi dán. Búráùnù ni wọ́n ń pè é. Ọdún kan wà tí ìbátan wa kan wá kí wa láti Ọ̀jọ́, ó rí ọ̀kan nínú wọn, ó ní ẹni tó palẹ̀ yìí mọ́ bí èyí mà ṣeun o, ló bá sá láfún rẹ̀ sí i. Kí oòrùn tó kanrí, láfún ti di dúdú, àwọn dókítà mẹ́rin sì dúró tì í pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, wọn ò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Títí ìbátan wa náà fi kú, a ò jẹ́ kó gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi fún yín, torí òun ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó.

Ní ilé wa, bí ìwọ́ ọmọ tuntun bá ti já, Ìyá Àgbà ló máa ń gbà á. Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n, ọmọ bíbí ilé náà sì ni wọ́n, orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n bí àwọn náà sí. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á sin ìwọ́ náà, wọ́n á gbin àgbọn tó ti hù lé e lórí. Láti ọjọ́ yẹn lọ, igi ọmọ náà ni. Bí igi bá ń dàgbà, ọmọ ń dàgbà. Bí igi bá so, wọ́n á ní ọmọ náà á bí wẹẹrẹ. Kò sí ẹni tó ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí igi bá wó, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n nínú ilé náà.

Nígbà tí wọ́n gbin tèmi, ẹ̀yìnkùlé wa ló wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ pápá ńlá sí i, tí pápá sì gba ẹ̀yìnkùlé wa. Bàbá mi bẹ àwọn ará kílọ́ọ̀bù pé kí wọ́n jọ̀ọ́ dá igi yẹn sí, wọ́n sì gbà. Bẹ́ẹ̀ ni igi ìwọ́ mi ṣe dúró gbọnrangandan síwájú ihò kẹsàn-án, tó ń dí àwọn olówó lójú.

Ẹ ò lè mọ bí ó ṣe rí. Mo lè máa fọ abọ́ lọ́wọ́, màá kàn gbọ́ kọ́! Bọ́ọ̀lù ti ba igi. Màá di ìdodo mi mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí run mí lóòótọ́. Dókítà kan tó sanra wà nínú wọn tí kì í lè yẹ igi yẹn. Bí ó bá ti lù ú tán, á rìn wá sí ojú fèrèsé wa, á bọ́ fìlà, á ní, "Ìyàwó fọ́máànù, ẹ má bínú o, mo tún ti lu ọmọ yín." Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje ńlá wá wo pápá, gbogbo rẹ̀ wù wọ́n, àfi igi kan. Wọ́n ní kò sí pápá ìdíje tí igi ti ń dúró síwájú ihò bí ọlọ́pàá ojú pópó. Bí igi ò bá kúrò, ìdíje á lọ sí ìlú mìíràn.

Akọ̀wé kílọ́ọ̀bù ló wá jíṣẹ́ náà nílé wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó jókòó sétí àga, kò mu omi tí wọ́n gbé fún un.

"Fọ́máànù," ó ní, "mo mọ ohun tí mò ń sọ. Èmi náà ní tèmi nílé, obì ni. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún bàbá mi pé òun fẹ́ gé e, mi ò mọ ohun tí bàbá mi á fi lé e."

Bàbá mi ní kó fún àwọn lọ́jọ́ mẹ́ta. Àwọn àgbà ẹbí pàdé, wọ́n pe àfáà wa sí i. Àfáà ní kò sí irú ẹ̀ nínú ẹ̀sìn, pé igi kì í pa ènìyàn àfi tó bá wó lù ú. Àwọn àgbà ní kí wọ́n gé e. Ìyá mi tí wọ́n jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn béèrè ẹ̀ẹ̀kan pé ta ni nínú àwọn àgbà náà tó máa kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gé ti ọmọ tirẹ̀. Bàbá mi ní, "Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, igi kọ́." Wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn wọn sì ń lọ sílẹ̀ sí i.

Ìyá Àgbà kò sí nílé. Wọ́n ti lọ sí Àgbádárìgì láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lọ́dọ̀ àbúrò wọn tí ara rẹ̀ kò yá. Bàbá mi fẹ́ kí iṣẹ́ náà parí kí wọ́n tó dé, torí ẹ̀rù Ìyá Àgbà ń bà wọ́n ju ẹ̀rù akọ̀wé, dókítà àti gbogbo kílọ́ọ̀bù lápapọ̀ lọ.

Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi. Ẹ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nínú agboolé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí kò jù mí lọ ju oṣù díẹ̀, ló pè mí sí kọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, tó ní, "Wọ́n máa gé igi ẹ láàárọ̀ ọ̀la. Ṣé o máa fún mi ní síléètì ẹ?"

Mo fún un. Kí ni mo fẹ́ fi síléètì ṣe?

Ní òwúrọ̀, mo wẹ̀ dáadáa, mo wọ aṣọ Iléyá mi pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun, kí wọ́n má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún mi. Mo kó bàtà rọ́bà mi fún àbúrò mi obìnrin, mo kìlọ̀ fún un pé kó má wọ̀ ọ́ nínú òjò. Lẹ́yìn náà ni mo lọ dùbúlẹ̀ lórí ẹní ìyá mi, mo na ọwọ́ méjèèjì gbọọrọ, mo di ojú. Ẹ̀yin lè máa rẹ́rìn-ín báyìí, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù bà mí débi pé eyín mi ń gbá ara wọn.

Mo gbọ́ àáké. Ìyá mi wọlé wá, wọ́n rí mi nínú aṣọ Iléyá, ó sì yé wọn. Wọ́n kàn dùbúlẹ̀ tì mí, wọ́n gbá mi mọ́ra, mo sì ń gbọ́ bí àyà wọn ṣe ń lù kì kì kì. Àáké dákẹ́. Ẹnì kan kígbe pé kí wọ́n yàgò. Igi wó, ilẹ̀ ilé wa sì mì tìtì.

Mo la ojú kan. Àjà ilé wà níbẹ̀. Aláǹgbá kan wà lára ògiri, ó ń mi orí. Mo ní bóyá ikú ṣì ń bọ̀ lọ́nà, bóyá ẹsẹ̀ ló ń fi rìn. Títí di ọ̀sán, mi ò dìde. Ìyá mi din dòdò, mo ní òkú kì í jẹun, ṣùgbọ́n nígbà tí òórùn dòdò náà fẹ́ fà mí nímú yọ, mo jẹ díẹ̀. Mo jẹ ìyókù náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ti omijé ni ọjọ́ kejì, torí ara mi gbóná. Ibà dé lóòótọ́, ó gbóná janjan, mo sì ń sọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó fún mi lábẹ́rẹ́, ara náà ò sì wálẹ̀. Bàbá mi ò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà, ìyá mi ò sì bá wọn sọ̀rọ̀. Dókítà tó sanra yẹn wá, ó yẹ̀ mí wò, ó ní òun ò rí nǹkan kan gúnmọ́, pé bí ẹni tí jìnnìjìnnì bá ni mo ṣe ń ṣe. Ó dúró díẹ̀ lójú fèrèsé, ó wo ibi tí igi wà tẹ́lẹ̀, ó sì lọ láìgbá bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ kẹta ni Ìyá Àgbà dé. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní Alákijà, wọ́n gbé ẹrù wọn lórí, wọ́n gba ojú pápá kọjá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, torí wọn ò gbà rí pé ilẹ̀ bàbá àwọn ti di ti ẹlòmíràn. Láti orí ẹní, mo rí wọn lójú fèrèsé. Wọ́n dé ibi tí kùkùté náà wà, wọ́n dúró. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún gbé e.

Nígbà tí wọ́n wọlé, bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọn ò tiẹ̀ lè dìde. Ìyá Àgbà wo bàbá mi, wọ́n wo ìyá mi, wọ́n wá wo èmi tí mo ká jọ lórí ẹní bí ìgbín. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi, tí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ wo àwọn ọmọdé wọ̀nyí! Ta ló sọ fún yín pé ti ọmọ yìí nìyẹn? Tèmi ni! Tèmi lẹ gé lulẹ̀ yẹn o, ẹ̀yin aláìmọ̀kan. Ṣé mo kú? Ẹ wò mí dáadáa, ṣé òkú ló ru ẹrù látojú títì wá síbí?"

Mo jókòó. "Ìyá Àgbà, níbo wá ni tèmi wà?"

"Tìrẹ wà lẹ́yìn ilé ìdáná, èyí tí adìẹ máa ń sùn sí abẹ́ rẹ̀. Ta ló gbìn ín? Ṣé bàbá rẹ tí kò mọ ìyàtọ̀ àgbọn sí ọ̀pẹ ni?"

Mo wo bàbá mi. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Mo dìde, mo rìn dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo sì di igi yẹn mú, adìẹ fò káàkiri. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ bí ara ṣe tù mí. Ó dà bíi pé ẹnì kan gbé odó kúrò lórí àyà mi. Kí wọ́n tó kírun mọ̀ǹgàríbì, ara mi ti tutù, ebi sì ń pa mí. Ìyá Àgbà jókòó tì mí, wọ́n jẹ ẹ̀bà abọ́ kan tán, wọ́n béèrè òmíràn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn dùn. Ìyá Àgbà ṣe sàárà lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n din àkàrà tó pọ̀, wọ́n pe àwọn àfáà, gbogbo ọmọ àdúgbò jẹ, wọ́n yó. Wọ́n pín aṣọ fún àwọn ọmọ wọn obìnrin. Wọ́n rìn lọ sí ilé obìnrin kan tí wọn kì í kí, wọ́n bá a parí ìjà ọjọ́ pípẹ́. Mo rò pé ọpẹ́ ni wọ́n ń dú nítorí mi, orí mi sì wú. Mo gba síléètì mi padà. Bàtà rọ́bà ni mi ò rí gbà.

Ìdíje ńlá náà wáyé. Àwọn ènìyàn wá láti Ìbàdàn, láti Kàdúná, láti Jọ́ọ̀sì, ọkọ̀ tò lọ bẹẹrẹ. Èmi àti Ìyá Àgbà jókòó lẹ́yìn ilé ìdáná, à ń wò wọ́n. Bàbá gbọ̀ngbọ̀n kan tẹ̀ ba ní ihò kẹsàn-án, ó ń wo bọ́ọ̀lù bí ẹni ń wo ọmọ tuntun, gbogbo èrò sì dákẹ́ fún un. Ìyá Àgbà ní, "Ṣé nítorí ohun tí kò tó ẹyin àdàbà yìí ni?" A rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní ká dákẹ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n tún lò láyé lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí wọ́n máa fi kú, mo ti gbé ọmọ tèmi lọ́wọ́, Fẹ́sítáàkì ti dé, iná ìjọba ti dé, ọ̀nà Àgbádárìgì ti fẹ̀. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, èmi àti ìyá mi jókòó sínú yàrá wọn, à ń ká aṣọ wọn. Láìwò mí lójú, ìyá mi ní, "Igi ẹ ni nígbà yẹn."

Mo ní, "Igi wo?"

"Èyí tí wọ́n gé. Igi ẹ ni. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe gbìn ín. Ìyá Àgbà ló ní a ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ títí wọ́n á fi lọ."

Mo gbé aṣọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Ìyá mi wá sọ ìyókù fún mi. Wọ́n ní Ìyá Àgbà gba ọ̀rọ̀ igi yẹn gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé. Bí wọ́n ṣe pè é ní tiwọn yẹn, lójú tiwọn, wọ́n ti gba ikú mi sọ́rùn ara wọn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n bi gbogbo ẹ̀bà náà. Oṣù kan gbáko ni wọn ò sùn dáadáa, wọ́n ń retí. Sàárà tí mo rò pé tèmi ni, ti ara wọn ni wọ́n ń ṣe. Aṣọ tí wọ́n pín, ogún ni wọ́n ń pín. Nígbà tí oṣù pé tí ikú ò dé, wọ́n sọ fún ìyá mi pé, "Ó jọ pé àfáà yẹn ò purọ́ o," wọ́n sì tún bú sẹ́rìn-ín, ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀rín gidi.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n sin wọ́n lọ.

Kílọ́ọ̀bù yẹn ti kó lọ tipẹ́. Ibi tí pápá ńlá wà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti géètì ló wà níbẹ̀ báyìí, ẹ sì lè rìn láti ihò kìíní dé ìkejìdínlógún láìfi ẹsẹ̀ kan koríko. Ọdún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin bímọ sí ọsibítù kan ní Fẹ́sítáàkì. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ já, ó mú un wá sí ọwọ́ mi nínú bébà pélébé, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ká ṣe ṣe eléyìí? Ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ mi ò gba irú ìyẹn gbọ́." Mo ní kó ṣe é bó ṣe wù ú. Ilẹ̀ wo ló tiẹ̀ kù tá a fẹ́ gbẹ́, nígbà tí símẹ́ńtì ti bo gbogbo àgbàlá? Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, ìrọ̀rùn ló jẹ́ fún mi. Kò sí ọmọ tí yóò tún dùbúlẹ̀ de ikú nítorí igi nínú ìdílé wa.

Ẹ̀rù yẹn ti tán. Ṣùgbọ́n ayé ò lè ṣàìní ẹ̀rù tirẹ̀, òmíràn á dé bá àwọn ọmọ wa, bóyá irú èyí tí èmi ò tilẹ̀ ní mọ orúkọ rẹ̀. Mo sì máa ń bi ara mi léèrè, bí ó bá dé, bóyá èmi náà á lè sọ ẹrù kalẹ̀, kí n rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi, kí n sì sọ pé tèmi ni.